Bodè la mọ̀ kí bọ́dà tó dé

Tẹ́lẹ̀ mo rò pé bodè àti bọ́dà, ọ̀rọ̀ kan náà ni, ahọ́n àwọn èèyàn ló kàn yí i, àfi ìgbà tí bàbá mi àgbà fi mí rẹ́rìn-ín. Bodè ni ẹnu ọ̀nà ìlú, ibi tí oníbodè jókòó sí tó ń gba owó ẹyọ lọ́wọ́ oníṣòwò. Tiwa ní Kétu, èyí tó wà ní Benin lónìí, ni Àkàbà Ìdèna, ó ṣì wà níbẹ̀ di òní, yàrà ló yí ìlú po nígbà yẹn, ogun ni wọ́n sì ń dènà. Ìlú ni wọ́n fi ń ṣọ́ o, wọn ò fi pín ẹbí.

Bọ́dà tiẹ̀, ìwé ló bí i. Lọ́dún 1886, nígbà ayé Glele, ọba Dàhọ̀mì, àwọn ọmọ ogun rẹ̀ fọ́ Kétu, wọ́n kó àwọn èèyàn lẹ́rú lọ sí Àgbómẹ̀, olú ìlú wọn, ìlú di ahoro. Ọdún kẹta, 10 August 1889, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì jókòó ní Paris wọ́n fọwọ́ síwèé, wọ́n ní látetí òkun, gba odò Àjàrà kọjá, lọ sókè, ìlà-oòrùn di ti Gẹ̀ẹ́sì, ìwọ̀-oòrùn di ti Faransé. Ẹ wò ó, Kétu ò sí nílé lọ́jọ́ tí wọ́n pín in! Ìgbà tí Faransé ṣẹ́gun Gbẹ̀hánzìn, ọba tó jẹ lẹ́yìn Glele, làwọn tó ṣẹ́kù ṣẹ̀ṣẹ̀ padà wálé, wọ́n ń kọ́ ilé lọ́wọ́ ni wọ́n gbọ́ pé Ìmẹ̀kọ, Ìdọ̀fà àti Ìwóyè tó ń sin Alákétu tẹ́lẹ̀ ti bọ́ sílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ìwọ́de àkọ́kọ́ lórí bọ́dà yẹn, wọn ò gbé pátákó kankan, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ṣe é. Faransé ń gba owó orí, ó ń kó èèyàn ṣiṣẹ́ ọ̀nà tipátipá, nígbà tógun 1914 wá bẹ̀rẹ̀ ó tún ń mú àwọn ọ̀dọ́ lọ ṣe ṣọ́jà. Àwọn Ọ̀họ̀rí, aládùúgbò wa, yarí, wọ́n bá a jà. Tiwa ńkọ́? Ilẹ̀ á ṣú, ilẹ̀ á mọ́, wọn ò ní bá ẹnì kankan nílé, ọkọ, ìyàwó, ọmọ, ewúrẹ́, gbogbo wọn ti wà ní Ìmẹ̀kọ lọ́dọ̀ àwọn ẹbí. Ibẹ̀ nìyá màmá mi ti dàgbà, bàbá ẹ̀ ló gbé e kọjá lálẹ́, ó ṣì wà lẹ́yìn. Lójú Faransé ìsáǹsá ni wọ́n, lójú tiwọn oko ni wọ́n lọ.

Ọjà náà ń gba ojú ọ̀nà yẹn. Ẹni tó bá gbé e gba inú igbó kó má baà san owó aṣọ́bodè, wọ́n ní ó ń fàyà wọ́ ilẹ̀ bí ejò, ibẹ̀ la ti rí fàyàwọ́. Orúkọ yẹn dùn púpọ̀, mi ò gbọ́ èyí tó dáa jù ú lọ rí.

Òmìnira dé ní 1960, bọ́dà ò kúrò. ECOWAS buwọ́ lùwé ní 1979 pé ọmọ ìlú kan lè wọ ìkejì láìgba físà, kó lo 90 ọjọ́. Kò ju ọdún mélòó kan lọ, January 1983, Nàìjíríà ní kí àwọn àjèjì tí ò níwèé máa lọ, a rí wọn níbí, èrò Gánà ń gba Kútọnu kọjá tàwọn ti báàgì tí gbogbo ayé wá ń pè ní Ghana Must Go. Ọdún 1984 wọ́n tún ti ẹnubodè pa, títí di 1986.

Èyí tí Nàìjíríà tún tì ní August 2019 lèmi fojú ara mi rí. Rédíò ò sọ nǹkan míì ju ìrẹsì lọ, ìrẹsì àti bẹntiróòlù, gbogbo ẹni tó bá kọjá ti di oní-fàyàwọ́. Àárín ìgbà yẹn nìyá màmá mi kú ní Ìmẹ̀kọ. A gun zẹ́mìjàn, ọ̀kadà tiwa, gba inú igbó, okùn mẹ́ta ni wọ́n ta sọ́nà, a sanwó nídìí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan nínú àwọn tó di okùn mú bi wá pé kí la gbé. Ẹ̀gbọ́n mi ní aṣọ òkú ni. Ó ní ká tú u.

Ọ̀nà tí wọ́n pọ̀n ọ́n gbà lálẹ́ ọjọ́sí la gbà yẹn o. Ìgbà tá a débẹ̀ wọ́n ti bo ilẹ̀.