Ṣé Kòkòrò Taifọ́ọ̀dù Kan Náà Ló Ń Kiri?

Bí taifọ́ọ̀dù bá mú èèyàn mẹ́ta ní Lafẹnwa l'Abẹ́òkúta, tó tún mú ẹlòmíràn ní Ìbarà nílùú kan náà lọ́sẹ̀ kan náà, ó yẹ kéèyàn béèrè: ṣé ibì kan náà ni wọ́n ti kó o, àbí ó kàn ṣe kòńgẹ́ ni? Inú DNA (ohun àjogúnbá) kòkòrò náà, Salmonella Typhi, ni wọ́n ti ń wá ìdáhùn.

Ọ̀nà àtijọ́ ni PFGE. Wọ́n á fi ẹ́ńsáìmù kan tó ń jẹ́ XbaI gé DNA náà sí ègé ńláńlá, wọ́n á kó o sínú jẹ́lì, wọ́n á wá jẹ́ kí iná mànàmáná máa fà á láti ìhà kan sí òmíràn. Ègé kéékèèké á sáré jìnnà, àwọn ńlá á máa wọ́ bọ̀ lẹ́yìn. Ìlà tó bá hàn lára jẹ́lì ni wọ́n á fi wé ti kòkòrò mìíràn. Ó lè tó wákàtí 18 kí jẹ́lì tó parí, iná ò sì gbọ́dọ̀ lọ. Ará Abẹ́òkúta mọ̀ pé láìsí jẹnẹrétọ̀ tàbí sólà, wàhálà nìyẹn. Síbẹ̀, òun ni PulseNet, àjọṣe àwọn láàbù tó ń tọpa àjàkálẹ̀ àrùn inú oúnjẹ ní Amẹ́ríkà, fi ṣiṣẹ́ láti 1996, kí wọ́n tó pa á tì ní 2019.

Ọ̀nà mìíràn tó ń jẹ́ MLST dé ní 1998. Jíìnì (apá kan lára DNA) méje péré ló ń kà, lẹ́tà DNA, ìyẹn A, C, G àti T, ló sì ń kọ sílẹ̀, kì í ṣe àwòrán, nítorí náà èsì Abẹ́òkúta àti ti Jámánì ṣe é fi wéra láìsí àríyànjiyàn. Ṣùgbọ́n àwọn Typhi jọra bí ìbejì: èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, ST1 tàbí ST2, ìyẹn orúkọ ẹ̀yà méjì péré, ni MLST máa pè é. Kò lè yanjú ọ̀rọ̀ Lafẹnwa àti Ìbarà.

Kíka gbogbo DNA náà látòkèdélẹ̀ ló lè yanjú rẹ̀. Lẹ́tà bíi mílíọ̀nù 4.8 ni. Bó bá jẹ́ pé lẹ́tà díẹ̀ ló fi ìyàtọ̀ sáàárín kòkòrò méjì, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibì kan náà wá. Ó tún ń fi jíìnì tí kòkòrò fi ń borí oògùn hàn. Fún taifọ́ọ̀dù, owó tí wọ́n bá ná sí i kò ṣòfò rárá. Àmọ́ kò ní dárúkọ kànga. Ó ṣì di dandan kí wọ́n bi aláìsàn léèrè ibi tó ti mu omi.

Gbogbo ọ̀nà wọ̀nyí ló nílò kòkòrò tí wọ́n mú hù ní láàbù. Àyẹ̀wò Widal, tí gbogbo wa mọ̀, kì í mú kòkòrò jáde. Ohun tí ara fi ń bá kòkòrò jà ló ń wò nínú ẹ̀jẹ̀. Bí aláìsàn bá sì ti lo oògùn apakòkòrò kí wọ́n tó gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kòkòrò náà lè má hù mọ́, kò sì ní sí DNA tí wọ́n máa kà.