Ìpàtẹ òdòdó Yokohama: ohun tí ẹ ń béèrè

Láti ìgbà tí ìròyìn ti tàn pé ìpàtẹ òdòdó àgbáyé ń bọ̀ ní Yokohama, ìlú èbúté ńlá ní Jàpáànì, ọ̀rọ̀ náà ti rú ọ̀pọ̀ èèyàn lójú. Àwọn kan ní ìpàtẹ àgbáyé ti Osaka, ìlú míì ní Jàpáànì, ni wọ́n fẹ́ tún ṣe. Àwọn míì ní físà pàtàkì wà nínú rẹ̀.

Ṣé ìpàtẹ Osaka ló tún padà dé?
Rárá. Ti Osaka ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní oṣù Kẹwàá 2025. Ohun ọ̀gbìn ni tibí dá lé lórí: òdòdó, igi, iṣẹ́ àgbẹ̀.

Ìgbà wo ni?
Láti 19 oṣù Kẹta títí di 26 oṣù Kẹsàn-án, 2027.

Ṣé etí òkun ni?
Ibi tí ọ̀pọ̀ àlejò máa ṣì lọ nìyẹn. Seya ni wọ́n ti ń ṣe é, ní ìwọ̀ oòrùn ìlú, ó sì jìnnà sí èbúté. Reluwé Sotetsu ló ń lọ síbẹ̀ láti ibùdókọ̀ Yokohama. Ìtàn ilẹ̀ náà wú mi lórí púpọ̀. Kamiseya ni wọ́n ń pè é, ibùdó tí àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà ti ń dẹtí sí ọ̀tá lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì. Oṣù Kẹfà 2015 ni wọ́n tó dá a padà, gbogbo hẹ́kítà 242. Nǹkan bí 100 nínú rẹ̀ ni òdòdó máa gbà.

Ṣé ó di 2027 kí n tó rí òdòdó níbẹ̀?
Kò dìgbà náà. Ọgbà ìgbafẹ́ Yamashita ti wà létí òkun láti 1930. Àwókù ilé tí ìmìtìtì ilẹ̀ 1923 wó lulẹ̀ ni wọ́n fi dí etí òkun kí wọ́n tó rí ilẹ̀ ibẹ̀. Òdòdó rósì tó jẹ́ àmì ìlú náà ló máa ń tàn níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í sì í san kọ́bọ̀ kó tó wọlé. Bí ẹ bá fẹ́ rósì, ẹ lọ láàárín oṣù Karùn-ún. Tùlíìpù Yokohama Park máa ń tàn dáadáa láàárín oṣù Kẹrin.

Ẹni tó bá ní ọjọ́ kan péré, ọgbà Sankeien ni màá ní kó lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó ni wọ́n ń san níbẹ̀. Oníṣòwò ṣẹ́dà kan, Hara Tomitaro, ló ṣí ọgbà rẹ̀ sílẹ̀ fún aráàlú ní 1906. Ní 1457 ni wọ́n kọ́ ilé ìsìn onípele mẹ́ta tó wà lórí òkè níbẹ̀, kí wọ́n tó gbé e wá síbẹ̀.

Ṣé mo lè mú irúgbìn tàbí ẹ̀ka kan bọ̀ wálé?
Ẹ má ṣe é láìgba ìwé àṣẹ. Ní 1910, ẹgbàá (2,000) igi sakura, igi olódòdó Jàpáànì, tí ìlú Tokyo fi ta Washington lọ́rẹ ni wọ́n dáná sun, nítorí pé kòkòrò àti àrùn wà lára wọn. Ọ̀rẹ́ ni wọ́n ń bá ara wọn ṣe, síbẹ̀ wọ́n sun ún. Àwọn 3,020 mìíràn ló tó gbéra láti èbúté Yokohama ní 1912, lẹ́yìn tí wọ́n ti tọ́jú wọn dáadáa. Ẹ gba ìwé àyẹ̀wò ohun ọ̀gbìn ní Jàpáànì, kí ẹ sì gba àṣẹ nílé kí ẹ tó rìn.

Físà pàtàkì ńkọ́?
Kò sí. Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti wá. Nínú oṣù Kẹjọ 2025, níbi ìpàdé Jàpáànì àti Áfíríkà ní Yokohama kan náà, wọ́n pe ìlú Kisarazu ní ìlú ìbátan Nàìjíríà. Ìjọba Nàìjíríà kéde pé físà pàtàkì máa tẹ̀lé e, ṣùgbọ́n Jàpáànì ní òun ò ṣèlérí bẹ́ẹ̀, wọ́n sì fagi lé ètò náà nínú oṣù Kẹsàn-án. Físà àbẹ̀wò lásán ni ẹ máa béèrè fún. Ìwé ìrìnnà ni wọ́n ń wò: ọmọ Yorùbá tó ní ìwé ìrìnnà Britain kò nílò físà fún ìbẹ̀wò kékeré, àmọ́ ẹni tó ń gbé London pẹ̀lú ti Nàìjíríà nílò rẹ̀.

Ẹnì kan ti gba owó "físà ìpàtẹ" lọ́wọ́ mi. Kí ni kí n ṣe?
Ẹ má fi kún un. Ẹ tọ́jú rìsíìtì àti gbogbo àtẹ̀jíṣẹ́ yín, kí ẹ sì kó wọn lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá lónìí.