Bí wọ́n ṣe ń ṣírò ionosphere ní ọjọ́ ìdákẹ́rọ́rọ́ àti ní ọjọ́ ìjì

Láti nǹkan bí 60 kìlómítà lókè orí wa títí dé nǹkan bí 1,000 kìlómítà, ìtànṣán oòrùn máa ń já ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kúrò lára átọ́ọ̀mù. Agbègbè yìí ni wọ́n ń pè ní ionosphere. Ìgbì rédíò kan á kan ibẹ̀, á sì ta padà sílẹ̀; àmì GPS ní tirẹ̀ á kọjá, ṣùgbọ́n á pẹ́ díẹ̀ lọ́nà. TECU ni wọ́n fi ń wọn iye ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tó wà lójú ọ̀nà àmì náà: TECU 1 jẹ́ ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù 10¹⁶ lórí mítà kan níbùú lóròó, ó sì ń fi bíi sẹ̀ǹtímítà 16 kún ọ̀nà tí GPS rò pé àmì náà rìn. Ní ọ̀sán gangan nítòsí ìlà agbedeméjì ayé, nígbà tí oòrùn bá wà lẹ́nu iṣẹ́ dáadáa, iye yìí lè kọjá 100. Àṣìṣe mítà 16 nìyẹn. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń ṣe àwòṣe ìṣirò tó máa sọ iye ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tó wà níbi gbogbo, kí wọ́n lè yọ àṣìṣe náà kúrò.

Tí kò bá sí ìjì, iṣẹ́ náà rọrùn díẹ̀. Ńṣe ni ionosphere dà bí agbada tí omi ń rọ sí lókè, tó sì ń jò nísàlẹ̀. Oòrùn ń dá ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù sílẹ̀ lọ́sàn-án, àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù náà sì ń padà lẹ̀ mọ́ ohun tí wọ́n já kúrò lára rẹ̀. Nísàlẹ̀, níbi tí afẹ́fẹ́ ti nípọn, jíjò náà yá débi pé ìpele D, ìyẹn apá ìsàlẹ̀ ionosphere, máa ń pòórá lálẹ́. Lókè, ní nǹkan bí 300 kìlómítà, afẹ́fẹ́ fẹ́lẹ́ gan-an, nítorí náà ìpele F2, apá òkè rẹ̀, máa ń wà títí di òwúrọ̀.

Wákàtí, oṣù, ibi téèyàn wà àti bí oòrùn ṣe lágbára tó nínú àyípo ọdún 11 rẹ̀ ló ń pàṣẹ fún gbogbo èyí. Ohun tó bá ń padà wá bẹ́ẹ̀ ṣeé fi àkọsílẹ̀ àtẹ̀yìnwá mọ̀. Ọ̀nà tí IRI (International Reference Ionosphere) gbà nìyẹn, àwòṣe tí COSPAR àti URSI, ẹgbẹ́ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì àgbáyé méjì, bẹ̀rẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1960: ó kó ohun tí àwọn ẹ̀rọ orí ilẹ̀ àti sátẹ́láìtì ti wọ̀n jọ, ó sì ń sọ bí nǹkan ṣe sábà máa ń rí ní oṣù kan. Àwòṣe Klobuchar, tí wọ́n fi orúkọ ẹni tó ṣe é pè, tí GPS sì ń lò, tún rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nọ́ńbà mẹ́jọ péré ni sátẹ́láìtì ń fi ránṣẹ́. Ó gbà pé gbogbo ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù wà lórí awọ tínrín kan ní 350 kìlómítà, pé ìdádúró alẹ́ kì í yí padà, àti pé aago méjì ọ̀sán ni tọ̀sán máa ń ga jù. Bíi ìdajì àṣìṣe ló ń mú kúrò. Ẹni tó bá ní ìyẹn kéré ti gbàgbé bí kọ̀ǹpútà inú ẹ̀rọ ìgbà tí wọ́n ṣe àwòṣe náà ṣe kéré tó.

Ìjì òòfà ayé ló ń da gbogbo rẹ̀ rú. Oòrùn á pọ ìdì gáàsì gbígbóná kan jáde pẹ̀lú òòfà inú rẹ̀. Bí òòfà yẹn bá kọjú sí gúúsù, ó máa ń so mọ́ ti ayé, agbára ńlá á sì wọlé. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, agbára iná mànàmáná á dé ìlà agbedeméjì, á gbé ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ròkè níbi tí jíjò kò ti yá, iye wọn á sì pọ̀ sí i níbi tí ọ̀sán wà. Wákàtí mélòó kan lẹ́yìn náà, ọ̀ràn tún yí padà. Ooru tó wọlé nítòsí ìpẹ̀kun àríwá àti gúúsù ayé á mú kí afẹ́fẹ́ wú, á ti náítírójìn lọ sókè, ẹ̀fúùfù á sì gbé e ká. Náítírójìn yìí ń mú kí jíjò yá, iye ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù á sì já wálẹ̀, nígbà mìíràn fún ọjọ́ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ibí yìí ni àkọsílẹ̀ àtẹ̀yìnwá ti ń já èèyàn kulẹ̀. Ìjì kan náà ń bù kún ibì kan, ó ń bù kúrò níbòmíràn, wákàtí tó bẹ̀rẹ̀ ló sì ń pinnu ẹni tó máa kan. Tí a bá ro ìjì tó bù kún un pọ̀ mọ́ èyí tó bù kúrò, tí a wá pín in dọ́gba, ìdáhùn tó máa jáde ni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. IRI ní àtúnṣe kan fún ìjì, tó ń wo bí òòfà ayé ṣe dà rú tó láàárín wákàtí 33 tó kọjá. Ó ṣe dáadáa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ní àwọn agbègbè tó jìnnà díẹ̀ sí ìlà agbedeméjì. Nígbà òtútù, kò fi bẹ́ẹ̀ rí i mú.

Àwọn àwòṣe mìíràn, bíi TIE-GCM ti NCAR, ibùdó ìwádìí nípa afẹ́fẹ́ ayé ní Amẹ́ríkà, kì í gbára lé ìrántí. Wọ́n ń yanjú ìṣirò ooru, ẹ̀fúùfù àti bí gáàsì ṣe ń dàpọ̀ níbi kọ̀ọ̀kan, díẹ̀díẹ̀. Ó wù mí jù, àmọ́ ó ní ìṣòro tirẹ̀: ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ fún un iye agbára tó wọlé, ìyẹn gan-an ló sì ṣòroó wọ̀n lásìkò ìjì. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi ohun tí àwọn ibùdó GPS ń wọ̀n lọ́wọ́lọ́wọ́ tọ́ àwòṣe sọ́nà, bí ìjì náà ṣe ń jà. Ní May 10, 2024, nígbà tí ìjì dé G5, ìpele tó ga jù lọ, GPS tó ń darí katakata àwọn àgbẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà ṣìnà, wọ́n sì ní láti dá iṣẹ́ gbíngbìn dúró.

Ṣíṣe ìkìlọ̀ ṣáájú ló le jù. Nǹkan bíi mílíọ̀nù kìlómítà kan àti ààbọ̀ sí ayé ni àwọn sátẹ́láìtì tó ń wọn òòfà inú ẹ̀fúùfù oòrùn, ìyẹn gáàsì tó ń ti ara oòrùn fẹ́ wá, wà. Kí òòfà náà tó dé ọ̀dọ̀ wọn, kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé gúúsù ló kọjú sí. Láti ibẹ̀ dé ayé, ó sábà máa ń jẹ́ ìṣẹ́jú 15 sí 60, àárín àkókò yẹn sì ni àwòṣe ní láti fi ṣírò.