Ẹja Apẹjajẹ Nínú Táǹkì: Bí A Ṣe Ń Yan Èyí Tí Yóò Bá A Gbé

Ẹnu ẹja là ń kọ́kọ́ wò ká tó wo ìwà rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ sin ẹja apẹjajẹ nínú táǹkì gíláàsì, tí kò sì fẹ́ kó dá wà, ohun tó yẹ kó bi ara rẹ̀ léèrè ni pé: báwo ni ẹnu yìí ṣe fẹ̀ tó lónìí, báwo ni yóò sì ṣe fẹ̀ tó lọ́dún tó ń bọ̀? Àwọn tó ń ta ẹja a máa sọ pé eléyìí burú, ìyẹn ò burú. Ọ̀rọ̀ ọjà nìyẹn. Ẹja tí kò lé ẹnikẹ́ni kiri rí láyé rẹ̀ yóò gbé ohunkóhun tó bá gba ẹnu rẹ̀ mì, kò sì ní ka ìyẹn sí ìjà rárá. Oúnjẹ ló jẹ.

Ẹ jẹ́ ká fi ẹja kan tó jẹ́ ti odò wa ṣe àpẹẹrẹ: bichir, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Polypterus senegalus. Ó wà nínú Odò Ọya, ó wà ní odò Senegal, ó wà ní Volta, ní adágún Chad àti ní odò Náílì. Ara rẹ̀ gùn gbọọrọ, ìpẹ́ rẹ̀ le koko, àwọn lẹ́bẹ́ kéékèèké sì tò lẹ́yìn rẹ̀ láti àárín dé ìrù. Nínú táǹkì, ó sábà máa ń tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 30, ó sì lè lo ju ọdún 10 lọ. Ẹja tútù ni. Síbẹ̀, ẹja kéékèèké aláwọ̀ mèremère tí wọ́n bá dà tì í lọ́sàn-án lè pòórá kí ilẹ̀ tó mọ́, nítorí òru ni bichir ń ṣọdẹ, nígbà tí àwọn yẹn ti sùn.

Ọ̀pọ̀ ẹja apẹjajẹ tí a ń sìn nínú táǹkì kì í gé nǹkan jẹ. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n á la ẹnu lójijì, ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn á fẹ̀, omi á sì ya wọ inú rẹ̀ tòun ti ẹja kékeré tó wà nínú omi náà. Kíá ló ti parí. Nítorí náà, ohun tó ń dá ẹja sí kì í ṣe gígùn rẹ̀, bí kò ṣe gíga ara rẹ̀ láti ẹ̀yìn dé ikùn. Ẹja tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 10 ṣùgbọ́n tó tẹ́ẹ́rẹ́ yóò wọlé wẹ́rẹ́, wọ́n tilẹ̀ lè ká a sínú ẹnu. Èyí tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 8 péré ṣùgbọ́n tí ara rẹ̀ ga, tó sì fẹ̀ bí àwo, kò ní gba ẹnu náà. Ọ̀pọ̀ ọlọ́sìn máa ń sọ pé kí gígùn ẹja tó fẹ́ bá apẹjajẹ gbé má dín sí ìdá méjì nínú mẹ́ta gígùn apẹjajẹ náà. Kò burú fún ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ó lè tanni jẹ gan-an. Bí a bá tẹ̀ lé e láìwo nǹkan mìíràn, a ó fi ẹja tó rí bí okùn ti Oscar ńlá, apẹjajẹ kan tí a ó sọ̀rọ̀ rẹ̀ láìpẹ́, a ó sì rò pé ọkàn wa balẹ̀.

Àwọn tó ń sin àrọ̀ nílé wa ti mọ ìṣirò yìí tipẹ́. Àwọn ọmọ àrọ̀ tí ẹyin wọn pa lọ́jọ́ kan náà kì í dàgbà bákan náà. Kò ní pẹ́ tí àwọn kan á fi ta àwọn yòókù yọ. Shooter ni àwọn ọlọ́sìn ń pè wọ́n. Bí wọn ò bá tètè ṣà wọ́n sọ́tọ̀, shooter á bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ mì. Ẹni tó ni ín á máa wá òkú ẹja lójú omi, kò ní rí kankan, bẹ́ẹ̀ iye ẹja ń dín kù lójoojúmọ́. Ọmọ ìyá kan náà, oúnjẹ kan náà, omi kan náà. Ẹnu nìkan ló yàtọ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń ṣa ẹja sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n rẹ̀ léraléra, títí wọ́n á fi dàgbà. Ẹni tó ń sin ẹja fún ẹwà náà kò gbọ́dọ̀ gbàgbé ìṣa yìí.

Bí ara ṣe ń yára dàgbà sí ṣe pàtàkì tó ìwọ̀n tí ẹja wà lọ́jọ́ tí a rà á. Oscar, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Astronotus ocellatus, láti agbègbè odò Amazon ló ti wá. Bó bá jẹun dáadáa, ó lè sún mọ́ sẹ̀ǹtímítà 25 láàárín ọdún kan. Bichir kì í yára tó bẹ́ẹ̀. Bí a bá ra àwọn méjèèjì lọ́jọ́ kan náà, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn tó ìka ọwọ́, wọ́n á jọ máa gbé wọ́ọ́rọ́wọ́ fún oṣù mélòó kan, lẹ́yìn náà ẹnu Oscar á fẹ̀ kọjá ara bichir. Èyí tó burú jù lọ ni ẹja onírungbọ̀n onírù pupa ti Amazon, Phractocephalus hemioliopterus. Wọ́n ń tà á nígbà tó ṣì kéré, ojú rẹ̀ fani mọ́ra, owó rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ wọ́n. Ẹja tó ń gùn ju mítà kan lọ ni. Lójú tèmi, kò sí táǹkì inú yàrá ẹnikẹ́ni tó yẹ fún un, ká má tíì sọ̀rọ̀ ẹni tí yóò bá a gbé.

Àwọn ẹja kan wà tí wọ́n kéré, síbẹ̀ tó jẹ́ pé ẹni tó gbé wọn mì ló máa jìyà. Corydoras àti àwọn ẹja onírungbọ̀n kéékèèké mìíràn ní ẹ̀gún ní lẹ́bẹ́ ẹ̀yìn àti lẹ́bẹ́ ẹ̀gbẹ́. Bí ẹ̀rù bá bà wọ́n, wọ́n á na ẹ̀gún náà, á sì tì pa, kò ní ṣeé tẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá ti fọwọ́ gbá Synodontis, ẹja onírungbọ̀n ti odò wa, mú lẹ́bàá odò kò nílò àlàyé. Bí Oscar bá fa irú ẹja bẹ́ẹ̀ sẹ́nu, kò ní lè gbé e mì, kò sì ní lè pọ̀ ọ́. Àwọn méjèèjì lè kú síbẹ̀.

Títí dé ibí yìí, bí ẹni pé apẹjajẹ nìkan ló lè ṣe ibi ni. Ọ̀pọ̀ ìgbà, òun gan-an ni wọ́n ń rẹ́ jẹ. Ká wo bí bichir ṣe ń jẹun. Bí edé kan bá bọ́ sí ìsàlẹ̀ omi, kì í rí i, nítorí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa. Òórùn ló máa ta sí i nímú. Yóò fi lẹ́bẹ́ iwájú méjèèjì ti ara rẹ̀ síwájú lórí iyanrìn, orí rẹ̀ á máa lọ sọ́tùn-ún sósì. Ó lè kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ edé náà, kó ku ìka méjì péré, kó tún yí padà, kó fẹnu kan òkúta, kó tó wá rí edé he. Gbogbo èyí lè gba ìṣẹ́jú kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ìṣẹ́jú yẹn tó pé, ẹja tó yára tí ojú rẹ̀ mú ti lè pa gbogbo edé inú táǹkì jẹ. Bichir kò ní pariwo, kò ní jà. Yóò kàn máa rù lójú olówó tó ń fún wọn lóúnjẹ lójoojúmọ́. Bí ó bá jẹ́ dandan kí ó bá ẹja tó yára gbé, ẹ fi oúnjẹ oníkóró bọ́ àwọn yẹn lókè omi lápá kan ná, ẹ wá pa iná, kí ẹ sì ju ekòló tàbí ẹran ẹja sí ìsàlẹ̀ lápá kejì.

Pleco tún ni ọ̀tá mìíràn, ẹja tí gbogbo ènìyàn ń rà kó lè máa fọ gíláàsì. Bí ebi bá ń pa á lóru, ó lè lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ bichir tó sùn sílẹ̀, kó máa fa omi yíyọ̀ tó bo ara rẹ̀ mu. Nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, ibẹ̀ á ti bó, egbò á sì dé. Kì í ṣe gbogbo pleco ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó bá ti tọ́ ọ wò kì í sábà jáwọ́.

Ọ̀rọ̀ àyè ló kù. Àwọn àgbà ní oko kì í jẹ́ ti bàbá àti ọmọ kó má ní ààlà, àwọn ẹja ìdílé Oscar ló sì mọ ìtumọ̀ rẹ̀ jù. Akọ àti abo tó fẹ́ yé ẹyin lè gba ìdajì táǹkì, kí wọ́n sì kó gbogbo yòókù sí igun kan. Bichir kò ní irú ìṣòro yẹn. Kó ṣáà ti ní páìpù tàbí ihò òkúta tó lè wọ̀, ó tó o. Táǹkì tó gùn tó sì fẹ̀ ló yẹ ẹ́ ju èyí tó ga lọ. Gígùn sẹ̀ǹtímítà 120 ni ìbẹ̀rẹ̀ tó bójú mu fún bichir kan àti ẹja méjì tàbí mẹ́ta. Ó tún dáa kí àwọn tí a kó pọ̀ má jọ máa gbé ìpele omi kan náà: kí ọ̀kan wà nísàlẹ̀, kí ọ̀kan wà láàárín, nítorí ẹja tí kò fojú kanra kò ní rídìí tí wọ́n fi ń jà.

Omi kan náà gbọ́dọ̀ bá gbogbo wọn lára mu. Bichir àti Oscar fẹ́ omi tó móoru, láàárín 24 sí 28 lórí ìwọ̀n Celsius. Goldfish fẹ́ omi tó tutù jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn ẹja adágún Malawi sì fẹ́ omi tó le, nítorí náà ẹ yọ wọ́n kúrò nínú ètò. Goldfish kò tilẹ̀ yẹ ní oúnjẹ: èròjà kan wà lára rẹ̀ tó ń ba fítámì B1 jẹ́, ẹja tó bá ń jẹ ẹ́ lójoojúmọ́ á ṣàárẹ̀ nígbẹ̀yìn. Bákan náà, ẹja tó ń jẹ ẹran máa ń da amóníà, májèlé kan, púpọ̀ sínú omi. Bakitéríà inú fíltà ló ń sọ ọ́ di nitrite, tí nitrite fi ń di nitrate tí kò léwu tó bẹ́ẹ̀. Bí ẹja bá ti pọ̀ ju agbára bakitéríà wọ̀nyí lọ, wọn ì báà fẹ́ràn ara wọn bí ìbejì, omi náà ni yóò pa wọ́n.

Ohun tí àwọn ìwé tí wọ́n ń kọ lókè òkun kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ ni ti iná. Bí wọ́n bá mú iná lọ fún wákàtí mẹ́jọ, fíltà kú nìyẹn, afẹ́fẹ́ inú omi á sì bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Bichir ní ẹ̀dọ̀fóró. Yóò gòkè wá, yóò gbé afẹ́fẹ́ mì, yóò padà sísàlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹja tó rí bí okùn, Erpetoichthys calabaricus, tó gba orúkọ lára ìlú Calabar, àti ẹja tó rí bí ọ̀bẹ, Xenomystus nigri. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń gbé inú odò Nàìjíríà, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń mí afẹ́fẹ́. Silver dollar, ẹja pẹlẹbẹ tó ga ní ara, tó ń jẹ ewéko, bá bichir gbé dáadáa ní ibi tí iná kì í lọ. Ní ilé tí kò ní ínfátà, tàbí pọ́ọ̀ǹpù afẹ́fẹ́ oníbátìrì ó kéré tán, òun ló máa kọ́kọ́ kú. Bó bá jẹ́ èmi ni yóò yan ẹja fún ilé kan ní Ìbàdàn, àwọn mẹ́ta tó ń mí afẹ́fẹ́ ni n óò kó pọ̀, bí ìwọ̀n wọn bá ti sún mọ́ra.

Ẹ fi àyè sílẹ̀ láàárín omi àti ìdérí, kí wọ́n lè rí afẹ́fẹ́ mí, kí ìdérí náà sì dé gírígírí, títí kan ihò tí wáyà gbà. Ẹja tó rí bí okùn máa ń gba ihò tó kéré jáde. Bichir náà kò fi bẹ́ẹ̀ bẹ̀rù ilẹ̀: ìwádìí kan wà tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2014, tí àwọn onímọ̀ ní Kánádà ti tọ́ Polypterus senegalus dàgbà lórí ilẹ̀ tútù fún nǹkan bí oṣù mẹ́jọ, ó sì ń rìn dáadáa.

Bí a bá ti yàn tán, ẹja tuntun á kọ́kọ́ gbé táǹkì ọ̀tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin, pàápàá bichir tí wọ́n mú lódò, nítorí aràn kan wà tó máa ń lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀. Ẹja tó burú jù nínú wọn ni ká mú wọlé kẹ́yìn. Bó bá ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ tún òkúta àti páìpù inú táǹkì tò, kí ó má rántí ibi tó pè ní tirẹ̀, ẹ pa iná, kí ẹ wá da tuntun sí i lẹ́yìn tó ti jẹun yó. Lẹ́bẹ́ tó ya, ẹja tó ń fara pa mọ́ sẹ́yìn fíltà, ẹja tí kì í wá síbi oúnjẹ: bí èyíkéyìí bá hàn lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ yà wọ́n.

Òjíjí wà lọ́tọ̀. Mònàmáná ara rẹ̀ lè tó 300 fọ́ọ̀tì (volt) tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, òun ló sì fi ń mú oúnjẹ, òun náà ló fi ń lé àlejò. Kò sí bí ẹja yòówù ṣe ga tó lára tí ìyẹn ò ní dé bá a. Táǹkì tirẹ̀ nìkan ni wọ́n ń ṣe fún un, olówó rẹ̀ pàápàá sì ń wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà kó tó ki ọwọ́ bọ omi.