Ẹ Fi Àjẹ́ Sílẹ̀, Ẹ Béèrè Gírísì

Gbogbo ìgbà tí bàlúù bá já níbì kan, ilẹ̀ kì í ṣú kí àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí. "Bàbá Páìlọ́ọ̀tì, ṣé òótọ́ ni pé àwọn ayé ló di sítíárìn mú?" Àwọn kan náà yìí ni mo máa ń rí ní pápá ọkọ̀ òfurufú Ìlọrin, tí wọ́n ń jágbe mọ́ ọmọbìnrin tó ń yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò, torí wọ́n ní kí wọ́n dúró díẹ̀, ẹnjiníà ń yẹ ìrù bàlúù wò. Alàgbà kan tí mo bọ̀wọ̀ fún gidigidi sọ pé àwọn ti sanwó, kí wọ́n máa gbé àwọn lọ, Ọlọ́run á ṣọ́ àwọn. Ó dùn mí dé ọkàn.

N kò ní ṣàlàyé bí bàlúù ṣe ń dúró lókè, ọmọ girama mọ ìyẹn. Ìrù ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé. Pátákó tó dùbúlẹ̀ níbẹ̀, stabilizer, òun ló ń pinnu bóyá imú á gbé sókè tàbí á dorí kodò. Lára irú bàlúù tí wọ́n ń pè ní MD-83, irin onílà gígùn kan, irú èyí tó wà nínú jáàkì àwọn fọkanáísà, ló ń yí nínú nọ́ọ̀tù kan láti gbé pátákó náà sókè sílẹ̀. Irin ń lọ irin. Tí gírísì bá tán níbẹ̀, ìlà inú nọ́ọ̀tù á máa jẹ díẹ̀díẹ̀, ojú èrò kò sì lè rí i.

Ní ọjọ́ 31, oṣù kìíní, ọdún 2000, ohun tó ṣẹlẹ̀ sí MD-83 Alaska Airlines nìyẹn. Puerto Vallarta ní Mẹ́síkò ló ti gbéra, San Francisco ló ń lọ. Ilé iṣẹ́ náà ti ń sún àkókò tí wọ́n ń fi gírísì sí irin yẹn síwájú, títí ó fi di oṣù mẹ́jọ mẹ́jọ. Stabilizer kọ́kọ́ gan. Àwọn awakọ̀ méjèèjì ń fi ọwọ́ fa imú bàlúù mọ́ra, wọ́n ń bá àwọn mẹkáníìkì sọ̀rọ̀ lórí rédíò. Àwọn tó ń ṣètò ìrìnàjò nílẹ̀ ṣì fẹ́ kí wọ́n máa bọ̀ ní San Francisco, ṣùgbọ́n kápítéènì ní Los Angeles lòun máa yà sí. Kò débẹ̀. Irin yọ kúrò nínú nọ́ọ̀tù, bàlúù dorí kodò, ó sì yí ikùn sókè. Ẹ gbọ́ ohun tí àwọn ọkùnrin yẹn ṣe: wọn kò jọ̀wọ́ rẹ̀. Wọ́n ń gbìyànjú láti fò ó bẹ́ẹ̀ gan-an, títí ó fi kan Òkun Pàsífíìkì. Gbogbo èèyàn 88 tó wà nínú rẹ̀ ló kú. Nígbà tí wọ́n hú irin náà jáde, ìlà tó bó kúrò nínú nọ́ọ̀tù ló wé mọ́ ọn lára, wọn kò sì bá gírísì tó ṣeé lò níbi tó ti ń ṣiṣẹ́.

Àjẹ́ wo ló wà nínú ìyẹn? Èèyàn tó ní orúkọ àti ọ́fíìsì ló fọwọ́ sí oṣù mẹ́jọ. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá sọ pé ayé ni, irú ẹni bẹ́ẹ̀ lẹ ń bá fọ ọwọ́. Àwọn tó ń ta oǹdè ìrìnàjò òfurufú fún yín, ẹ bi wọ́n ibi tí irin yẹn wà. Wòlíì tó ní òun rí bàlúù tó máa já lọ́dún yìí, ẹ ní kó dárúkọ nọ́ńbà rẹ̀, kí ẹnjiníà lọ tú u wò.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún sọ pé kọ̀ǹpútà ló ń wa bàlúù, pé àwa kàn ń sùn. Ní oṣù keje, ọdún 1989, ẹ́ńjìnnì ìrù DC-10 United Airlines kan fọ́, àfọ́kù rẹ̀ ba ọ̀nà háídírólíìkì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́, ìyẹn ọ̀nà òróró tó ń fún àwọn ohun ìdarí bàlúù lágbára. Kò sí ìdarí kankan mọ́. Kápítéènì Al Haynes àti àwọn tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ fi ẹ́ńjìnnì méjì tó kù darí rẹ̀, wọ́n ń fi kún tọ̀tún, wọ́n ń dín tòsì kù, títí wọ́n fi gbé e dé Sioux City ní Amẹ́ríkà. Èèyàn 112 kú, ṣùgbọ́n 184 yè. Iṣẹ́ wa nìyẹn.

Àhesọ kò yọ àwa páìlọ́ọ̀tì pàápàá sílẹ̀. Nígbà tí bàlúù 737 MAX ti Lion Air, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú Indonéṣíà, já lóṣù kẹwàá ọdún 2018, ohun tí àwọn kan nínú wa yára sọ ni pé àwọn awakọ̀ ibẹ̀ kò mọ̀ ọ́n wà. Bẹ́ẹ̀ Boeing tó ṣe bàlúù náà kò kọ MCAS, ètò tó ń ti imú bàlúù sílẹ̀ fúnra rẹ̀, sínú ìwé àwọn awakọ̀. Ohun èlò kan ṣoṣo ló fún un ní ìròyìn èké. Ní ọjọ́ 10, oṣù kẹta, ọdún 2019, MCAS yìí kan náà tún já ti Ethiopian Airlines lulẹ̀, èèyàn 157 lọ, Ọ̀jọ̀gbọ́n Pius Adesanmi, ọmọ Ìsánlú, wà nínú wọn.

Nítorí náà, tí ẹnjiníà bá ní òun kò tíì parí, ẹ jókòó, ẹ ra omi mu. Tí bàlúù bá já ní ilẹ̀ wa, NSIB, àjọ ìjọba tó ń wádìí ìjàǹbá, máa ń gbé ìwádìí rẹ̀ jáde. Ẹ gbé e wá, a ó jọ kà á, mo máa túmọ̀ rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ohùn orí WhatsApp, n kò ní tẹ́tí sí i.