Pípíkẹ́tì sáìtì ìkọ́lé ní Amẹ́ríkà

Pípíkẹ́tì sáìtì ni kí àwọn ọmọ yúníọ̀nù gbé páálí dání níwájú ibi tí wọ́n ti ń kọ́lé torí pé kọ́ńtírákítọ̀ kan kó àwọn tí ò sí nínú yúníọ̀nù síṣẹ́, tàbí torí pé owó tó ń san ò tó iye tí wọ́n ń san ládùúgbò. Ọmọ yúníọ̀nù kì í sábà kọjá lára àwọn tó ń píkẹ́tì, torí náà ẹnì kan péré lẹ́nu géètì lè lé káfíńtà, púlọ́mbà àti bíríkìlà padà sílé.

Ẹjọ́ Denver

Ẹjọ́ yìí ló ṣe kókó jù. Lọ́dún 1947, kọ́ńtírákítọ̀ àgbà kan, Doose & Lintner, gbé iṣẹ́ iná ilé kan ní Denver fún Gould & Preisner, owó iṣẹ́ ọ̀hún ò sì ju $2,300 lọ. Àwọn oníná yìí nìkan ni ò sí nínú yúníọ̀nù lórí sáìtì yẹn. Ní January 1948, yúníọ̀nù fi ẹni tó ń píkẹ́tì síbẹ̀, gbogbo àwọn tó kù bá fiṣẹ́ sílẹ̀, ó ku àwọn oníná nìkan tó ń wá, ó tó bí ọ̀sẹ̀ méjì, àfìgbà tí kọ́ńtírákítọ̀ àgbà ní kí wọ́n kó ẹrù wọn kúrò. Yúníọ̀nù ní iṣẹ́ kan náà ni gbogbo wọn jọ ń ṣe. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ lọ́dún 1951 pé rárá o, ilé iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, ẹni tí wọ́n ń bá jà kọ́ ni wọ́n fúngun mọ́, Taft-Hartley, ìyẹn òfin ọdún 1947 tó dá lórí ọ̀rọ̀ yúníọ̀nù, sì ka ìyẹn léèwọ̀. Adájọ́ Douglas wà lára àwọn tí ò fara mọ́ ọn.

Géètì méjì

Látìgbà náà, ọ̀rọ̀ ti dọ̀rọ̀ géètì. Kọ́ńtírákítọ̀ á ṣí méjì, á kọ orúkọ ilé iṣẹ́ tí ò ní yúníọ̀nù sára ọ̀kan, ibẹ̀ nìkan sì ni wọ́n ti lè píkẹ́tì. Àmọ́ tí mọ́tò ilé iṣẹ́ yẹn bá lọ gba géètì kejì wọlé, yúníọ̀nù lè gbé páálí lọ síbẹ̀ náà, ìdí nìyí tí wọ́n fi máa ń ṣọ́ géètì tọwọ́ tẹsẹ̀.

Àwọn nǹkan míì

Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì gbé òfin kan jáde tí ì bá yí ti Denver padà, àmọ́ Ààrẹ Ford ò buwọ́ lù ú ní January 1976, John Dunlop tó jẹ́ mínísítà òṣìṣẹ́ sì kọ̀wé fipò sílẹ̀. Wọ́n tún gbé e dé lọ́dún 1977, kò já sí nǹkan kan.

Ní nǹkan bí ọdún 1990 ni yúníọ̀nù ní Chicago bẹ̀rẹ̀ sí í lo eku ńlá tí wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn sí dípò páálí. Lọ́dún 2021, NLRB, ìyẹn àjọ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ àti yúníọ̀nù, da ẹjọ́ kan tí wọ́n pè nítorí eku yìí nù.