Irredentism: Ìfẹbígbalẹ̀ Ni, Kì í Ṣe Ìràpadà Ilẹ̀

Irredentism ni kí ìjọba kan máa béèrè ilẹ̀ tó wà lábẹ́ ìjọba mìíràn, nítorí pé ẹbí rẹ̀ ló ń gbé ibẹ̀. Àwọn kan ń túmọ̀ rẹ̀ sí "ìràpadà ilẹ̀". Ẹ jọ̀ọ́, ta ló tà á? Ohun tí a ń rà padà ti kọ́kọ́ jẹ́ tẹni kó tó bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ẹni tó bá kọ ọ́ pé ìjọba kan fẹ́ "ra ilẹ̀ padà" ti dá ẹjọ́ kó tó gbọ́ tẹnu ẹnì kejì. Mo mọ ibi tí wọ́n ti mú un. Àwọn ará Ítálì, lẹ́yìn tí wọ́n ti so orílẹ̀-èdè wọn pọ̀ ní ọ̀rúndún 19, rí i pé Trento àti Trieste ṣì wà lábẹ́ Ọ́stríà, wọ́n sì ń pe irú ibẹ̀ ní ilẹ̀ tí a kò tíì rà padà. Orúkọ tí olùpẹjọ́ fún ẹjọ́ ara rẹ̀ nìyẹn. Kí ló kan atúmọ̀ níbẹ̀? Àti pé ṣọ́ọ̀ṣì ti gba "ìràpadà" lọ́wọ́ wa tipẹ́. Ẹ̀jẹ̀ Jésù ló ń mú wá sí ọkàn ènìyàn, kì í ṣe ààlà.

Àwọn mìíràn ní "ìrẹdẹ́ńtíìsìmù". Ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kò nílò rẹ̀, ẹni tí kò gbọ́ kò sì rí nǹkan kan dì mú nínú rẹ̀. Èyí tó burú jù ni "ìfẹ́ orílẹ̀-èdè ẹni". Ènìyàn lè fẹ́ràn orílẹ̀-èdè rẹ̀ títí dalẹ́ láì wọ oko olóko.

Ìfẹbígbalẹ̀ ni mo fara mọ́: fífi ẹbí gba ilẹ̀. Gbogbo ohun tí a ń wá ló wà níbẹ̀: ẹbí tó wà lódìkejì ààlà, ìjọba tó ń dárúkọ ẹbí náà, àti ilẹ̀ tó fẹ́ gbà. Bí ọ̀kan bá yẹ̀ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ wá orúkọ mìíràn. Àwọn kan ní bí kò bá sí àmì ohùn lórí rẹ̀, wọ́n á kà á bí ẹni tó fi ẹbí gbá ilẹ̀ bí ìgbálẹ̀. Ẹni tí kì í fi àmì sí Yorùbá, ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ kò yàtọ̀ lójú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ yanjú ìyẹn ná. Ẹlòmíràn ní kí a fi "iyèkan" rọ́pò "ẹbí". Iyèkan há jù.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé. Ọmọ àbúrò Lámọrín ń gbé yàrá kan nínú ilé Làkásègbè, ó ti pẹ́ níbẹ̀. Ní ọjọ́ kan Lámọrín dé, ó ní: "Ẹ̀jẹ̀ mi ló ń sùn ní yàrá yìí, nítorí náà èmi ni mo ni yàrá." Làkásègbè nìkan kọ́ ló máa bínú. Gbogbo onílé àdúgbò á sáré lọ wo yàrá tiwọn, nítorí kò sí ilé tí ọmọ ẹlòmíràn kò sí. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti gbè sẹ́yìn Làkásègbè, àní àwọn tí kò fẹ́ràn rẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Sòmálíà gan-an nìyẹn. Ọ̀nà márùn-ún ni ilẹ̀ àwọn Sòmálì pín sí. Ti Gẹ̀ẹ́sì gba òmìnira ní 26 Okúdù 1960, ti Ítálì ní 1 Agẹmọ, wọ́n sì dà pọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ó ku mẹ́ta: ti Faransé tí í ṣe Jìbútì lónìí, Ogaden ní Ethiópíà, àti àríwá-ìlà-oòrùn Kẹ́ńyà. Ẹsẹ̀ márùn-ún tí ìràwọ̀ inú àsíá wọn ní, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni. Òfin ìpìlẹ̀ wọn ti 1960 pàápàá ní kí ìjọba máa wá ìṣọ̀kan àwọn ilẹ̀ náà, ní ọ̀nà òfin àti àlàáfíà. Bí ọ̀rọ̀ bá ti wọ àsíá àti òfin báyìí, olórí tó bá fẹ́ dúnàá-dúrà ti di ẹni tó ń ta ẹbí.

Ìgbìmọ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì rán lọ ní 1962 rí i pé ọ̀pọ̀ Sòmálì tó wà ní Kẹ́ńyà fẹ́ darapọ̀ mọ́ Sòmálíà. Gẹ̀ẹ́sì fi wọ́n sílẹ̀ fún Kẹ́ńyà síbẹ̀, Sòmálíà sì já okùn àjọṣe pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì ní 1963. Ethiópíà àti Kẹ́ńyà, ọba aláyélúwà níhìn-ín, olórí ìjọba tuntun lọ́hùn-ún, tọwọ́ bọ ìwé pé àwọn á jọ gbèjà ara wọn. Ní Káírò, oṣù Agẹmọ 1964, Àjọ Ìṣọ̀kan Ilẹ̀ Áfíríkà pinnu pé ààlà tí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan bá lọ́jọ́ òmìnira ni kó wà. Àwọn onílé ti wo yàrá wọn. Sòmálíà àti Mòrókò nìkan ló kọ̀.

Ní Agẹmọ 1977, Siad Barre, olórí Sòmálíà nígbà náà, kó ọmọ ogun wọ Ogaden. Ohun ìjà Sófíẹ̀tì, ìjọba Rọ́ṣíà àtijọ́, ni wọ́n gbé lọ. Wọ́n gba ìlú Jijiga ní Ọ̀wẹ́wẹ̀, ṣùgbọ́n Sófíẹ̀tì ti yí sọ́dọ̀ Ethiópíà, tó tóbi jù tó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ọ̀nà ìṣèlú tiwọn. Barre lé àwọn Sófíẹ̀tì jáde ní Bélú. Ọmọ ogun Kúbà tó lé ní 10,000 dé, wọ́n sì ran Ethiópíà lọ́wọ́ láti gba Jijiga padà ní Ẹrẹ́nà 1978. Amẹ́ríkà tí Barre yíjú sí kò fún un ní ohun ìjà: ọmọ ogun rẹ̀ wà nílẹ̀ onílẹ̀. Jìbútì ńkọ́? Ó ti di orílẹ̀-èdè fúnra rẹ̀ ní 27 Okúdù 1977. Ọmọ tí wọ́n ń jà lé lórí ti gba yàrá tirẹ̀.

Ẹ má wá fi ọ̀rọ̀ yìí pe Kétu àti Ìmẹ̀kọ o. Ààlà Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ya ẹbí sí méjì níbẹ̀, wọ́n sì ń lọ sí ọjà àti ọdún ara wọn. Ṣùgbọ́n Nàìjíríà kò tìtorí ẹbí béèrè Kétu lọ́wọ́ Bẹ̀nẹ̀. Ẹ má sì fi pe Somaliland, ilẹ̀ Sòmálì tó jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì tẹ́lẹ̀, tó kúrò lára Sòmálíà ní 1991. Ìyapa nìyẹn, ààlà 26 Okúdù 1960 sì ni wọ́n fi ń jà, pẹ̀lú ìpinnu Káírò tí Sòmálíà kọ̀ lọ́jọ́sí.